Ó Kún

Kí bàálù wa tó yọ lójú ọ̀run Warri ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Fáànù ńlá méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ariwo wọn á sì ti máa hó bọ̀ láti inú ìkùukùu kí ojú tó rí i. Àwọn èrò wa kò fẹ́ràn fáànù yẹn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Oga, na standing fan una wan take carry me reach Lagos?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó jókòó. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á bú u tán, wọ́n á wọ̀ ọ́, bàálù á sì kún.

Kíkún yẹn gan-an ni ìṣòro tèmi. Èmi ni alábòójútó ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ bàálù kékeré kan ní pápákọ̀ òfúrufú Warri nígbà náà. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo wà, kò tíì wọ iléèwé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ síbẹ̀, mo lérí fún ìyàwó mi pé kó fọkàn balẹ̀, pé bí ẹni ń gun ọ̀kadà dé ìparí àdúgbò ni màá máa gun bàálù wálé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹnu ọ̀dọ́ ò mọ̀ ju ìlérí lọ. N kò tíì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kì í gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹni tó sanwó. Ọ̀fẹ́ ni fún wa lóòótọ́, àmọ́ àfi tí àyè bá ṣẹ́ kù, onífáànù wa kì í sì í ní àyè lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀nà ilẹ̀ ńkọ́? Ìsinmi ọjọ́ méjì ni mo ní. Ojú ọ̀nà á jẹ ọ̀kan ní àlọ, á jẹ èkejì ní àbọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá mi l'Ékòó á kọ́kọ́ pè mí, á béèrè báwo ni ti òní. Màá ní, "Ó kún, sà." Á rẹ́rìn-ín, á súre fún mi. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi á pè. "Ṣé àyè wà?" Màá ní, "Ó kún." Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má sọ Yorùbá lójúkojú pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, àfi tó bá di Sọ́ńdè tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá onílé mi ní àdúgbò Ekurede-Urhobo, arúgbó aláàánú kan, máa ń bu sítáàṣì, òkèlè àwọn ará ibẹ̀, àti ọbẹ̀ ẹyìn fún mi, á ní, "My pikin, this plane wey you dey put people inside, you sef no fit enter?" Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Màá dúpẹ́, màá gbé abọ́ náà wọ yàrá mi lọ. Mo dá wà. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ wa yá bàálù jẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní fáànù níta, wọ́n fi ń dán ọ̀nà Warri wò, bóyá òun ni àwọn máa rà dípò onífáànù. Jẹ́ẹ̀tì náà ń dán, ìjókòó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Àwọn èrò yọ̀. Èmi ni mo yọ̀ jù, torí pé àwọn èrò ò pọ̀ sí i. Àyè wà! Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ tí mo délé, ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa kí àlejò. Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún. Ṣùgbọ́n mo tún wá lọ́sẹ̀ kejì, mo tún wá lẹ́yìn ìyẹn, títí tó fi di pé ọrùn mi ló ń gùn, "Dádì" ló ń pè mí, bí mo bá sì fẹ́ padà, á lọ gbé bàtà mi kan pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ọ̀gá wa wá sí Warri fúnra rẹ̀ láti parí ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó sórí àga mi, ó ní, "Ìwọ lò ń rí wọn lójoojúmọ́. Jẹ́ẹ̀tì ni àbí onífáànù? Ohun tó o bá sọ ni mo máa gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀."

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Warri sí Èkó kò jìn. Ìgbà tí jẹ́ẹ̀tì bá ń gòkè ló ń mu epo jù. Kó tó dé òkè réré níbi tó ti máa ń mu ún níwọ̀nba, àkókò á ti tó fún un láti máa sọ̀kalẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi yá ju onífáànù lọ, ó sì ń ru ìjókòó òfìfo lọ, ó ń rù ú bọ̀. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, Warri ni wọ́n máa pa tì, ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn ọkùnrin ìlú Ubeji tó ń bá wa gbé ẹrù á sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Gbogbo èyí wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bàtà kan lábẹ́ ibùsùn ọmọdé.

"Onífáànù ni, sà."

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi lórí fóònù, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òótọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣé ẹlòmíì ò lè bá yín sọ ọ́ ni?"

Onífáànù padà, ó sì ń kún. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mi padà sí Èkó, ọmọ mi ti dàgbà kọjá ẹni tó ń gun ọrùn bàbá rẹ̀. N kò lè sọ pé mo kábàámọ̀, n kò sì lè sọ pé n kò kábàámọ̀. Èmi nìkan ló wà nílé báyìí. Ìjọba ti gbé ìyàwó mi lọ sí Àbújá, ó kan òun náà, ọmọ wa sì wà ní yunifásítì ní Ìlọrin.

Ọmọ mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. "Dádì, ṣé àyè wà?"

Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Mo wo àwọn àga tó yí tábìlì ká, mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dádì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo ní, "Mo ń gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Kò kún."