Mọ́tò Tí Mo Rà Torí Ìborí Àga

Gbàǹjo ni mo fi ń jẹun. Kì í ṣe gbàǹjo ti ẹni tó ń lu agogo níwájú kóòtù o, ti orí fóònù ni. Mo máa ń jókòó síwájú ilé mi ní Ìlaròó, lójú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dán, màá gbé fóònù lé orí tábìlì, màá sì máa bá àwọn tí mi ò rí rí du mọ́tò tó ti forí sọ nǹkan ní Amẹ́ríkà. Èmi ò dé ibẹ̀ rí. Mi ò tiẹ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú rí. Síbẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ mọ bí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ṣe ń jẹ abẹ́ mọ́tò lọ́hùn-ún, èmi ni kí ẹ wá bi.

Tẹ́lẹ̀, Kútọnu la ti ń mú mọ́tò wá. Àwa tá a dàgbà lẹ́bàá bọ́dà, kò sí nǹkan bàbàrà nínú ká jí láàárọ̀, ká gba Ìdí-Ìrókò kọjá, ká lọ máa rìn láàárín mọ́tò bí ẹni ń rìn láàárín ebè, ká fọwọ́ lu èyí, ká jókòó sínú tọ̀hún. Faransé tí mo gbọ́ ò ju kí n béèrè iye, kí n sì sọ pé ó ti wọ́n jù. Ó tó mi lò. Wọn á bú mi, èmi náà á bú wọn padà, tó bá di ọ̀sán a ó jọ jẹun. Ìgbà tí ìjọba wá ní mọ́tò ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ojú omi, àwọn kan nínú wa padà sóko, èmi gbé fóònù. Ilé gbàǹjo ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé oníbàárà láti ilẹ̀ òkèèrè ni mí. Láti ìgbà náà, mi ò rí ẹni bá jiyàn lórí owó mọ́tò mọ́. Iye owó nìkan ni mò ń wò, tó ń gòkè lójú fóònù, mi ò sì mọ ta ló ń tì í.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ìbèsè ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Wọn á wá jókòó tì mí lẹ́yìn ìrun alásárì, ìgbà tó ṣì jẹ́ àárọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Tí mo bá fẹ́ tẹ fóònù, wọn á ní kí n dúró ná, wọn á ṣe àdúà sí i, nígbà tí aago gbàǹjo náà ń lọ. Mo ti pàdánù mọ́tò dáadáa nítorí àdúà gígùn. Tí a bá rí tiwọn rà tán, wọn á dúpẹ́, wọn á lọ, àga tó wà níwájú mi á sì ṣófo.

Ìyàwó mi ti kú. Súwẹ́tà ló ń hun fáwọn ọmọ iléèwé nígbà ayé rẹ̀, òwú pupa tó bá ṣẹ́kù ló sì fi máa ń ṣe etí ìborí àga. Funfun ni àárín, pupa ni etí. Kò sí àga kan nínú ilé wa tí kò fi bò. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, ọkùnrin. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ìyá rẹ̀ ti ìborí méjì bọ àpò rẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń bo àga lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

“Gbé e dání,” ló wí. “Orí ọmọ mi ò ní máa fara ti ibi tí mi ò mọ̀.”

Ó gbé e lọ. Nígbà tó ra mọ́tò àkọ́kọ́, ó ya fọ́tò ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́, ìborí náà sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi fọ́tò yẹn han gbogbo àdúgbò títí ó fi sú èmi.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pè wá. Ìyá rẹ̀ kú, ìwé ìgbélùú ọmọ náà ò tíì pé, kò lè wá sin ín. Ó sunkún lórí fóònù, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Jímọ̀ kan á lọ, òmíràn á lọ. Tó bá wá pè, á béèrè ara mi, èmi náà á béèrè tirẹ̀, a ó wá dákẹ́, torí pé ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ láàárín wa. Nígbà tó yá, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Ará Ìlaròó kan tí wọ́n jọ wà nílùú kan náà sọ fún mi pé ó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àmọ́ kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀.

Ní tiwa níbí, ọmọ ló ń wá bàbá. Mi ò ní máa lé ọmọ kiri lórí fóònù bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Bí mo ṣe ń sọ fún ara mi nìyẹn, ojoojúmọ́ sì ni mò ń tẹ nọ́ńbà náà. Ohun tó wà lọ́kàn mi, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bàbá kì í la ẹnu rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ tó bí, kí ó má baà fi ẹnu ara rẹ̀ pe aburú wá. Tí wọ́n bá bi mí ní mọ́sáláṣí, màá ní ara rẹ̀ le, ó ń kí yín. Wọn á ní a dúpẹ́. Màá wá padà sílé wá da ẹ̀bà fún ẹnì kan ṣoṣo.

Àlájà kan láti Ayétòrò ló ní kí n bá òun wá mọ́tò kékeré fún ọmọ òun obìnrin. Mo ń wo fọ́tò kiri lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì kan mọ́tò aláwọ̀ eérú kan. Ẹ́ńjìnnì ti wọlé sínú, gíláàsì iwájú ti fọ́, báàgì tó máa ń tú jáde nígbà ìjàǹbá rọ̀ sórí síárìn. Irú èyí, mi kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo ti fẹ́ kọjá ni mo ti rí orí àga dírẹ́bà: ìborí funfun, etí rẹ̀ pupa.

Mo fẹ fọ́tò náà, bí mo ṣe ń fẹ̀ ẹ́ ló túbọ̀ ń ṣú. Mo wo ibi tí mọ́tò wà. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ọmọ mi kó lọ ni. Mo kọ̀wé sí ilé gbàǹjo pé ta ló wa mọ́tò yìí, kí ló ṣe é. Wọ́n dá mi lóhùn pé wọn kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Mo wá ní màá rà á. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sójú gbàǹjo, mo ti ilẹ̀kùn pa, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì mí. Mo rò pé èmi nìkan ló máa fẹ́ irú pàǹtí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tó fẹ́ tú u tà ní wẹ́wẹ́, bí mo bá ti fi owó lé e, òun náà á fi lé e. Mo ń bú u nínú yàrá mi, bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ mi. Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe? Ibẹ̀ ni mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Owó tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ páànù orí ilé ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ́jẹ́ǹtì mi ní wáàfù Èkó rò pé orí mi ti dàrú. Ó ní owó tí a ó fi gbé e jáde ju mọ́tò lọ. Mo ní kí ó gbé e jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì mú nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìdọ̀tí. Ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé dọ́là ni wọ́n rán sínú àga ni. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ìgbà tí mọ́tò náà wà lójú omi. Ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé. Gbogbo ìbínú tí mo ti ní sí ọmọ yẹn kúrò nínú mi. Ẹni tó wà ní ọsibítù, ṣé ó lè gbé fóònù ni? Ẹni tó fi orí ṣèṣe, ṣé á rántí nọ́ńbà bàbá rẹ̀? Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé. Màá ní má da ara rẹ láàmú, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Tíréélà já a sílẹ̀ níwájú ilé mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mẹkáníìkì tó háyà ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló bá mi fi irin ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo bọ́ ìborí náà kúrò lórí àga, mo gbé e sójú oòrùn.

Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. Mo yí i padà, mo rí bébà kékeré kan tí ẹ̀rọ rán mọ́ ọn nínú, èdè tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tiwa, kì í ṣe ti òyìnbó. Ìyàwó mi ò hun nǹkan tí etí rẹ̀ gún rí láyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ tó bá ń hun nǹkan, ẹ̀rín á gbà á, kò ní mọ ibi tó bá a dé mọ́, apá kan á gùn ju ìkejì lọ. Èyí tí mo gbé dání, ilé iṣẹ́ ló ṣe é.

Mo forí kanlẹ̀ níbẹ̀, nínú ọ́ìlì àti yẹ̀pẹ̀. Alihamudulilai ni mò ń pè ṣáá. Mẹkáníìkì sáré wá gbé mi dìde, ó ní Bàbá, kí ló dé.

“Kì í ṣe tiwa,” ni mo wí. “Kì í ṣe tiwa.”

“Kí ni kì í ṣe tiyín, Bàbá? Ẹ ti sanwó ẹ̀ o.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo fún un lówó kó fi jẹun, ó sì lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, mo jókòó sínú mọ́tò náà, kí n lè sinmi díẹ̀.

Inú mi ń dùn. Mo jókòó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé inú mi ò dùn mọ́. Kò sí ọsibítù. Kò sí orí tó ṣèṣe. Mo tún tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kò lọ, gẹ́gẹ́ bíi tàná. Ẹ̀rí ò sí lọ́wọ́ mi, àmọ́ ó dá mi lójú bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú: ọmọ mi wà láàyè níbì kan lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ le, ó sì ní fóònù lọ́wọ́.