Ọkàn Òwú tí Mo Fi Ọwọ́ Òsì Hun

Òórùn súwẹ́tà òkìrìkà tí a rẹ sínú omi ọṣẹ ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí Àkúrẹ́. Ní àwọn ọdún tí ìlú le koko yẹn, agbára káká ni ènìyàn fi ń rí òwú tuntun rà. Nítorí náà, ọ̀gá tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń ra súwẹ́tà àlòkù ní Ọjà Ọba, a ó tú u láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn, a ó fọ òwú rẹ̀, a ó fi kọ́ sórí okùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, a ó sì so òkúta kékeré mọ́ ọn nídìí kí ó lè nà bó bá ti ń gbẹ. Àlejò tó bá gba ibẹ̀ kọjá lówùúrọ̀ lè rò pé irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè ni a sá sóòrùn.

Oǹdó ni ilé wa. Olùkọ́ ni bàbá mi, owó oṣù àwọn olùkọ́ kì í sì í jáde lákòókò, ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ jáde rárá. Màmá mi ń lọ sí oko Bọ́lọ́rundúró kí ìkòkò wa má bàa gbófo. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá, mo yege, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rán mi kọjá ibẹ̀. Ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ni màmá mi ti pàdé obìnrin ará Àkúrẹ́ kan tó ń hun òwú. Obìnrin yìí gbà kí n máa gbé ọ̀dọ̀ òun, ó sì ní òun kò ní gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i. Iṣẹ́ ìgbéyàwó ńlá kan wà nílẹ̀ fún un. Bí ọwọ́ mi bá yá kí iṣẹ́ náà tó parí, yóò gbà mí ní ọmọ iṣẹ́ títí n ó fi gba òmìnira. Bí kò bá yá, n ó padà sí Oǹdó, n ó sì gbé àdá tẹ̀lé màmá mi lọ sóko. Ohun tó wà níwájú mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìṣòro mi kan ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá mi máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi bo ọwọ́ òsì mi, á sì so ó bí a bá ń jẹun, kí n má bàa fi bu òkèlè. Ní ilé ìwé, ẹgba ni wọ́n fi kọ́ mi láti fi ọ̀tún kọ̀wé. Mo kọ́ ọ, mo sì ń kọ ọ́ dáadáa títí di òní. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí Àkúrẹ́, màmá mi tẹ̀lé mi dé gáréèjì, ohun tó sì sọ gbẹ̀yìn kí ọkọ̀ tó gbéra ni pé, “Má jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ òsì rẹ o. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbèlèntorí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi jẹun.”

Kíróṣè ni iṣẹ́ náà, iṣẹ́ òwú tí a ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìkọ́ lẹ́nu hun. Ọkàn kékeré ni ọ̀gá mi fi ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, irú ọkàn tí àwa ọmọ ilé ìwé ń pè ní lọ́ọ̀fù, tí kò tóbi ju ẹnu ife lọ, tí a lè rán mọ́ etí aṣọ fún ẹwà. Ó ní ẹni tó bá mọ ọkàn hun ti mọ ìdajì iṣẹ́. A ó kọ́kọ́ ká òwú mọ́ ìka, yóò dà bí òrùka. Láti inú òrùka yìí ni ohun gbogbo ti ń jáde. A ó hun ẹ̀wọ̀n kékeré gòkè, lẹ́yìn náà ojú òwú gíga mẹ́ta, tí yóò di èjìká ọkàn lápá kan, lẹ́yìn náà kúkurú mẹ́ta bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ojú gíga kan ṣoṣo, òun ni ṣóńṣó ọkàn. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kúkurú mẹ́ta, gíga mẹ́ta, ẹ̀wọ̀n kékeré padà sínú òrùka. Nígbà náà ni a ó wá fa ìdí òwú tó kù sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, òrùka yóò sún mọ́ra, ọkàn yóò sì yọ lójijì. Bí ẹni ń fa àpò pa ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń yọ fún àwọn ẹlòmíràn. Èmi fi ọwọ́ ọ̀tún di abẹ́rẹ́ mú bí ẹni di ejò mú. Òwú ń bọ́, ìkọ́ ń gún mi, ohun tí mo ń hun sì ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ wa, ìyẹn ọmọ iṣẹ́ àgbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òmìnira, gbé tèmi sókè lọ́jọ́ kan kí gbogbo wa lè rí i.

“Ọmọ Oǹdó, ṣé ọkàn nìyí àbí ẹ̀dọ̀?”

“Ẹ̀dọ̀ màlúù ni!” ni ẹnì kan dáhùn.

“Ẹ jẹ́ ká fi ata sí i,” ni ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ wí. Ọ̀gá mi pàápàá rẹ́rìn-ín. Bí a bá fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó jẹ́ òfin pé kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọkàn tú iṣẹ́ rẹ̀, kí a lè lo òwú náà lọ́la. Ìgbà gbogbo ni mo ń tú tèmi kíákíá, kí ojú má bàa rí i pẹ́.

Ní ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí ọ̀gá mi àti ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ lọ wá súwẹ́tà, mo lọ jókòó lẹ́yìn ilé, mo sì gbé abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì. N kò ní ohun tí mo lè fi bí ó ti rí wé. Ọwọ́ mi kàn mọ ọ̀nà. Mo hun ọkàn, mo fa ìdí òwú, ó sì yọ, èjìká méjèèjì dọ́gba, ṣóńṣó rẹ̀ wà láàárín gan-an. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń wá ibi kọ́lọ́fín hun tèmi, n ó sì gbé e wá fún ọ̀gá bí ẹni pé ọ̀tún ni mo fi ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ tí mo fún un, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ojú mi, ó sì wí pé, “Ó ti di ọkàn.” Kò ní kí n tú u. Ẹ wo bí inú mi ti dùn tó! Mo rò pé kò sí ọlọ́gbọ́n bíi tèmi ní gbogbo Àkúrẹ́, pé mo ti tan obìnrin tó ti ń hun òwú kí wọ́n tó bí mi jẹ.

Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn ìyàwó ni iṣẹ́ ńlá náà, ọkàn kéékèèké funfun tí a so pọ̀ mọ́ ara wọn. Obìnrin kan tó ń gbé ní Ìjàpò ló gbé e fún wa nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó sì ra òwú tuntun fún un. Mọ́mì Ìjàpò ni a ń pè é. Bí a bá ti hun ọkàn tán, a kò ní so òpin òwú rẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò so ó nígbà tó bá fẹ́ fi kún ara aṣọ. Àwọn tèmi ti pọ̀ lára aṣọ náà. Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọmọ iṣẹ́ òun lójú àwọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni ara mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lọ sí kọ́lọ́fín mọ́. Mo kàn ń kọjú sí ògiri ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Mọ́mì Ìjàpò wọlé láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn mi gan-an ló dúró sí.

“Mà, ọwọ́ wo ni ọmọ yìí fi ń ṣe iṣẹ́ ọmọ mi?”

Ó na ìka sí ọwọ́ mi tó di abẹ́rẹ́ mú.

“Ọwọ́ òsì! Lórí ibùsùn ìyàwó! Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé ọmọ mi dojú rú ni?”

“Ẹ má bínú, mà,” ni ọ̀gá mi wí. “Ẹ̀kọ́ ló ń kọ́.”

“Kì í ṣe orí ọmọ tèmi ni yóò ti kọ́ ọ. Ẹ tú u. Ẹ tú u lójú mi báyìí.”

Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó àwọn ọkàn tó wà lórí ẹsẹ̀ mi, ó sì ń fa òpin òwú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kò so òpin rẹ̀ kì í pẹ́ tú. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé kí n lọ gbá ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tí oníbàárà náà lọ tán, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. “Láti ìgbà tí o ti gbé àkọ́kọ́ wá ni mo ti mọ̀,” ni ó wí. “Ibi tí ojú òwú tiwa ń wò kọ́ ni tìrẹ ń wò. Ṣe sùúrù. Bí inú oníbàárà bá rọ̀, uṣẹ́ rẹ ń bẹ níbẹ̀.” Ará Àkúrẹ́ ni, uṣẹ́ ni ó máa ń pe iṣẹ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tù mí nínú, ṣùgbọ́n ṣe ni ó dà bí ata lójú egbò. Bí ó bá ti mọ̀, tí ó sì dára lójú rẹ̀, kí ló dé tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin Ìjàpò? N kò rò ó pé ọwọ́ oníbàárà yẹn ni oúnjẹ gbogbo wa ti ń wá. Lọ́jọ́ kejì, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo di ẹrù mi, mo sì wọ ọkọ̀ Oǹdó.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ wá mi wá sílé. Ẹ̀rín ni ó ń rín bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

“Ọmọ Oǹdó! Ìyàwó ti ń sùn lórí ọwọ́ òsì rẹ báyìí o!”

Ó wá là á yé wa pé èyí tó wà lórí ẹsẹ̀ mi nìkan ni ọ̀gá tú. Kò fọwọ́ kan gbogbo àwọn tó ti wà lára aṣọ. Mọ́mì Ìjàpò fi ọwọ́ pa wọ́n, ó yìn wọ́n, ó sì gbé wọn lọ.

“Ọ̀gá ní kí o máa bọ̀,” ni ó wí. “Ọwọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o fi ṣe é. Ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èmi náà sì ń lọ. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò dúró ti òun.”

“Kí ó wá fúnra rẹ̀,” ni mo dáhùn.

“Ta ni? Ọ̀gá? Kí ó wá wọ ọkọ̀ wá bẹ ìwọ? Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ!”

Màmá mi fi ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu sílẹ̀. “Bí ọwọ́ ọ̀tún bá na ọmọ, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra,” ni ó wí. “Ó ti nà ọ́, ó sì ti ń fà ọ́ mọ́ra. Kí ni o tún ń fẹ́?” Ó sọ̀rọ̀ sùúrù pé òun ni baba ìwà, ó sọ̀rọ̀ ìbínú pé kì í ṣe nǹkan fúnni. Mo ń wolẹ̀. Mo rò pé bí mo bá dúró díẹ̀ sí i, ọ̀gá mi yóò wá. Mo tilẹ̀ ti pinnu bí n ó ṣe kọ́kọ́ kọ̀, tí n ó sì wá gbà lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ jẹ iṣu, ó dìde, ó sì lọ. Ọ̀gá mi kò wá. Nígbà tí ó wá yé mi pé àgbàlagbà kì í wá bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ti ń tì mí láti lọ.

Mo tẹ̀lé màmá mi lọ sí Bọ́lọ́rundúró gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àdéhùn. Mo gbin ẹ̀gẹ́, mo yan gaàrí, mo lọ sílé ọkọ, mo bímọ. Ní báyìí, mo ní ẹ̀rọ ìlọta níwájú ilé wa ní Oǹdó, ó sì ń bọ́ wa. N kò lè sọ pé ayé nà mí ju bí ó ti na àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n n kò tún gbé abẹ́rẹ́ ìkọ́ mọ́.

Mo rí ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mo lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, mo sì bá a pàdé nítòsí Ọjà Ọba, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lọ́wọ́ mú. Mo kúnlẹ̀. Kò dá mi mọ̀ àfi ìgbà tí mo sọ̀rọ̀. Ó ní, “Háà, ọmọ Oǹdó tèmi.” Ó béèrè màmá mi, ó béèrè ọkọ àti àwọn ọmọ. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àtijọ́ rárá. Ó wá fọwọ́ wá ọwọ́ mi, òsì ni ó sì bà, ó dì í mú.

“Ṣé o ṣì ń hun?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni mo wí. “Mò ń hun.”

“Ọpẹ́ ni,” ni ó wí. Ojú rẹ̀ tàn, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ṣé o gbọ́? Ó ṣì ń hun.”

Ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Irọ́ tí mo pa fún un yẹn kò dùn mí, nítorí ó mú inú rẹ̀ dùn, n ó sì tún un pa bí a bá tún pàdé. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì bá tí jẹ́ irọ́ ká ní mo padà lọ.