Orin Tí A Kò Kọ fún Àlejò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Ìkàrẹ́ pé èmi ni mo lé oríire kúrò ní Ọ̀kà. Irọ́ ni. Ìranù ni mo lé.

Aṣọ ni mò ń rán ní Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n ilé màmá mi ní Ọ̀kà ni mò ń padà sùn sí. Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba ń fún àwọn tó bá lè dá ohun tuntun sílẹ̀ nípa àṣà ní owó ìrànwọ́, kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lè máa wá wò ó, àwa obìnrin mélòó kan kó ara wa jọ. Ohun tí a fẹ́ ṣe kò le rárá. Àlejò á bá wa gun òkè, á rí ibi tí àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ kan ojú àpáta tí àwọn ìyá wa lọ nǹkan lórí rẹ̀ títí ó fi di kòtò. Lẹ́yìn náà á wá sí ilé màmá mi, á gún iyán fúnra rẹ̀, á jẹ ẹ́, á sùn. Òrùlé ilé náà ń jò, ògiri ẹ̀yìn sì ti ń wó. Owó ìjọba yẹn la fẹ́ fi tún un ṣe. Mo fẹ́ kí màmá mi fojú ara wọn rí i kí wọ́n tó kú. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kan wá láti Àkúrẹ́ láti yẹ̀ wá wò, òun àti ẹni tó ń gbé kámẹ́rà. Ó gun òkè, ó làágùn, ó jẹ iyán, ó lá ọwọ́. Ó wá ní, “Ó dára o, Mọ́mì, àmọ́ kò tíì kún. Kí lẹ tún ní tí àwọn ìlú yòókù ò ní?”

Ọ̀kan nínú wa bá sọ̀rọ̀ orin ìdágbére.

Nílé tiwa, bí ìyá tó ti rí ọmọ-ọmọ bá kú, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ṣe tiwọn tán, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù ni yóò dá orin kan ní èdè Ọ̀kà. Àwa yòókù á máa gbè é. A ó máa lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ilé tó bá a jà, ilé tó bá a ṣọ̀rẹ́, a ó máa bá a dágbére títí a ó fi mú un dé agboolé bàbá tó bí i. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọmọ ní orin yìí. Ìdí òkú la ti ń gbọ́ ọ, ibẹ̀ la ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mò ń fọ abọ́ lọ́jọ́ kan, ó yọ lẹ́nu mi. Màmá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lẹ́nu, gbàà! “Ta lo fẹ́ kó kú nínú ilé yìí?” Ètè mi wú di ọjọ́ kejì.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. “Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn! Ẹ máa ṣe é ní gbogbo Sátidé. Kí ìyá kan dùbúlẹ̀, kí ẹ da aṣọ funfun bò wọ́n.” Ó yíjú sí màmá mi, tí wọ́n jókòó lọ́ọ̀dẹ̀ tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. “Màmá àgbà yìí gan-an lè ṣe é. Wọn ò ní ṣe wàhálà kankan, wọ́n á kàn sùn.”

“Ọ̀gá,” mo ní, “ẹ ní kí màmá mi ṣe kí ni?”

“Eré ni, Mọ́mì. Àmọ́ bí ò bá sí i, mi ò rò pé wọ́n máa fọwọ́ sí owó yín.”

Màmá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ọmọ mi, ṣé ìyá tìẹ wà láyé?”

“Wọ́n wà, mà.”

“Lọ kọ́kọ́ tẹ́ tìẹ sílẹ̀. Bó bá dùn ún wò, kí o padà wá bá mi.”

Oníkámẹ́rà rẹ́rìn-ín, ó sáré fi ikọ́ bò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan fà mí wọ ilé ìdáná. “Jẹ́ ká gbà fún un. Bí owó bá ti wọlé, a ó yí i padà.” Mo wo ògiri tó ń wó yẹn. Ó dùn mí dé egungun, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi. Mo jáde.

“Òkè wà, iyán wà, àwa náà wà níbí. Orin yẹn kì í ṣe ọjà. Ẹ máa lọ.”

“Ẹ máa kábàámọ̀ o.”

“Ẹ jẹ́ kí n kábàámọ̀ nílé bàbá mi!”

Owó náà lọ síbòmíràn. À ń mú àwọn èèyàn gun òkè náà láìsí i, àwọn ará Ìwàrò, àwọn ọmọ iléèwé láti Àjọwá. Bí wọ́n bá bi mí ní Ìkàrẹ́ pé, “Ìyá olórin, owó ìjọba dà?” mo máa ń ní kí wọ́n gba ilé ìjọba lọ béèrè. Nígbà tí òjò dé, ògiri ẹ̀yìn wó. A gbé ibùsùn màmá mi wá sí yàrá iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Wọn ò rí ilé tí mo fẹ́ kí wọ́n rí. Ó ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yẹn bá padà wá lọ́la, ohun kan náà ni màá sọ.

Ó kúkú padà wá. Ọjọ́ ìsìnkú ni. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwa obìnrin ti tò síwájú ilé, mo bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, kámẹ́rà ti wà lókè. Ta ló pè é?

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Mọ́mì. Ẹ máa bá tiyín lọ, a ò ní dí yín lọ́wọ́. Gbogbo ayé máa rí i.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ funfun mi. Ọ̀rẹ́ mi tó ní ká gbà nílé ìdáná ló kọ́kọ́ jókòó tì mí. Àwọn yòókù jókòó. Oòrùn ń pa wá, ẹnikẹ́ni ò la ẹnu. Ọ̀gá bẹ̀ wá, ó wo aago, ó kùn, ó tún bẹ̀ wá. A kàn ń wò ó. Nígbà tó sú u, wọ́n gbé kámẹ́rà wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

A dúró títí a ò fi gbọ́ ìró mọ́tò náà mọ́. Mo wá dìde, mo gbọn eruku, mo pe màmá mi ní orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, mo sì dá orin náà.