Bí A Ṣe Yan Ọkọ̀ Òkun fún Kámálà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́, Alhaji Múráínà, ọ̀gá wa, kò fún mi ní ìwé, kò fún mi ní báírò. Ó ní kí n lọ sí Ìtòkú, kí n lọ wo ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Èmi tí mo wọ síkẹ́ẹ̀tì tuntun, tí mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ mi pé mo ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ẹsẹ̀ arúgbó ni wọ́n ní kí n lọ wò. Mo lọ ṣá, mo ń kùn lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, mo rí i pé ẹsẹ̀ ìyá náà wú, kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ láì di ògiri mú. Bẹ́ẹ̀, Mẹ́kà ni àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó lọ, òun nìkan ṣoṣo.

Mo padà wá jíṣẹ́. Alhaji ní, "O rí i báyìí? Ká ní a ta tíkẹ́ẹ̀tì yẹn láì wolé, ta ni ì bá máa gbé e káàkiri ní Sáúdì?" Ọmọ ìyá àgbà náà obìnrin kan ló bá a lọ níkẹyìn, àwọn méjèèjì sì dé láyọ̀.

Ohun tí à ń pè ní ìwolé nìyẹn ní ọ́fíìsì wa ní Ìbarà. Ìdílé aláṣọ ni wọ́n ti bí Alhaji, láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta aṣọ ní Ìtòkú. Ó ní bàbá òun kì í gé aṣọ fún oníbàárà tí kò tíì wo ìdúró rẹ̀, òun náà ò sì ní ta ìrìn-àjò fún ẹni tí òun ò mọ bó ṣe ń jí. Nítorí náà, bí aláìsàn tàbí arúgbó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ lọ wo ilé rẹ̀: ibi tó ń sùn, ohun tó ń jẹ, ẹni tó ń bu omi fún un. Mo ṣe iṣẹ́ náà títí irun mi fi funfun, mo sì ti wo ilé tí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù, ti Kámálà ni.

Nígbà ìjọba alágbádá ni, tí náírà ṣì jẹ́ náírà, tí ìjọba sì ń gba àwọn olùkọ́ láti Íńdíà wá sí àwọn ilé-ìwé girama wa. Ọ̀gbẹ́ni Ráò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, onígíláàsì, tó ti kọ́ "ẹ kú iṣẹ́," tó sì ń kí gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀, títí kan mẹ́gáàdì wa tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Kámálà ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e wọlé, ó fi etí aṣọ bo orí, ó sì jókòó sórí àga tó jìnnà sí wa jù.

Ọ̀gbẹ́ni Ráò ní àwọn fẹ́ lo ìsinmi àwọn lórí òkun. Kì í ṣe ọkọ̀ ijó àti ọtí ni òun ń wá. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú ara ni, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ ènìyàn, tí wọ́n ń fi òróró wọ́ ènìyàn lára, tí wọ́n sì ń se oúnjẹ tí kò lẹ́ran, nítorí àwọn kì í jẹ ẹran.

Ó yà mí lẹ́nu. Gbogbo ẹni tí mo ti ń bá ṣètò ìrìn-àjò, Mẹ́kà ni, Jerúsálẹ́mù ni, tàbí Lọ́ńdọ̀n. Ẹni tó fẹ́ sọdá òkun nítorí kó lè wẹ̀, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo tẹ̀ sí etí Alhaji, mo ní, "Ṣebí odò Ògùn wà níbẹ̀ yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni." Ó wò mí títí mo fi gbé ẹnu mi dákẹ́.

A kọ̀wé sí Èkó, wọ́n fi ìwé aláwòrán ránṣẹ́ sí wa. Mo tẹ́ àwòrán ọkọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún tọkọtaya náà. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọkọ̀ funfun gbàgìdì tó ní dókítà, ilé ìwẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń wọ́ra. Ìkejì, ijó àti tẹ́tẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ìkẹta jẹ́ ọkọ̀ kékeré, ògbólógbòó, tó máa ń rọra lọ, tó sì ń yà ní gbogbo èbúté láti Ítálì títí dé Bọ́m̀bè. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Ráò kò kúrò lára èyí funfun. Mo kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Mádáàmù, èwo ló wù yín?"

Ó rọra rẹ́rìn-ín. "Èyíkéyìí."

"Ṣé yàrá òkè ni ẹ fẹ́, àbí ti ìsàlẹ̀?"

"Èyíkéyìí."

Kí ọ̀rọ̀ má bàa tutù jù, mo gbé mọ́ínmọ́ín tí mo rà síwájú wọn, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹran nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ráò fi ṣíbí là á, ó rí nǹkan. Ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní, "Ẹyin ni, sà. Èyí tó pọ́n yẹn, edé ni. Kì í ṣe ẹran." Ó dé mọ́ínmọ́ín náà padà jẹ́jẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Èmi ni mo padà jẹ ẹ́. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń fi tẹ́lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ nípa oúnjẹ wọn, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ẹran, ẹja, ẹyin, tàbí edé. Ilé-iṣẹ́ kan fèsì pé kí ni wọ́n ń pè ní edé.

Ọkọ̀ funfun náà fi yàrá kan pamọ́ fún wọn, wọ́n sì ń retí èsì wa. Ọ̀gbẹ́ni Ráò ní kí n kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Alhaji ní rárá.

"Ṣé owó mi ò dáa ni?" Inú ti ń bí i.

"Owó yín dáa, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín ò tíì yàn. Ẹni tó bá ní èyíkéyìí ló dára, ọkàn rẹ̀ ò sí nínú ìrìn-àjò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi yìí wá kí yín nílé ná."

Ilé àwọn olùkọ́, lẹ́yìn ilé-ìwé, ni wọ́n ń gbé. Ilé náà mọ́ tónítóní. Kámálà kí mi dáadáa, ó fún mi ní tíì, ó sì jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní kó mu tíì, á mu. Bó bá ní kó jáde sí afẹ́fẹ́, á jáde. Nígbà tí mo dìde, Ọ̀gbẹ́ni Ráò sìn mí dé ìdí igi máńgòrò tó wà níta. Ibẹ̀ ló ti sọ òótọ́ fún mi.

Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ọmọ náà ò sì ké rárá. Ó ti tó oṣù mélòó kan. Dókítà ní ara rẹ̀ ti yá. "Ara rẹ̀ ti yá," ó tún un wí, "ṣùgbọ́n òun gan-an kò sí nílé. Ó ń gbà fún mi ní gbogbo ohun tí mo bá sọ. Mo fẹ́ obìnrin yìí nítorí pé kì í gbà fún mi."

Ó fẹ̀yìn ti igi máńgòrò náà.

Ó ní, "Ní ìlú wa, bí obìnrin bá bímọ, ilé ìyá rẹ̀ ló máa ń wà. Ìyá rẹ̀ á fi òróró wọ́ ọ lára, á fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ ní àràárọ̀. Ìyá tirẹ̀ ti dàgbà, kò lè wá. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é, mo ní bó bá jẹ́ ìpẹ̀kun ayé ni, n óò gbé e débẹ̀."

Ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń fi odò Ògùn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin yìí ń wá a lórí òkun, ó sì jẹ́ pé ohun tí ìyá tó bí mi ń ṣe ní àdúgbò wa ní Ìtòkò lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ògì ni ìyá mi ń tà, ṣùgbọ́n bí obìnrin àdúgbò kan bá ti bímọ, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá wẹ ìkókó, kó sì wẹ ìyá ìkókó. Ó ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní, "Màmá, ìyàwó olùkọ́ kan bímọ ní Ìbarà, ọmọ náà ò dúró."

"Háà. Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Kò sí."

"Kò sí báwo?"

"Ará Íńdíà ni wọ́n. Àwọn ará ilé-ìwé lọ kí i, wọ́n ní Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò, wọ́n bá padà sílé wọn. Wọ́n rò pé ti àwọn ará Íńdíà yàtọ̀ sí tiwa."

Ìyá mi yọ ọwọ́ nínú ògì. "Ó ti pẹ́ jù. Àsìkò ìwẹ̀ yẹn ti kọjá."

"Ṣé ẹ ò ní lọ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bá mi mú kànrìnkàn tuntun tó wà lórí pẹpẹ yẹn."

Nígbà tí a débẹ̀, mo ṣàlàyé fún Kámálà ní gẹ̀ẹ́sì pé ìyá mi fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Ó ní bí a bá fẹ́. Ìyá mi ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní bí ẹ bá fẹ́." Ìyá mi ní, "Èmi kọ́ ni mo fẹ́ wẹ̀," ó sì ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn la lò. Èmi ni mò ń bu omi, èmi náà ni ògbufọ̀. Ìyá mi gbé e jókòó lórí àpótí, ó rẹ aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níkùn. Kámálà fò sókè, ó sọ̀rọ̀ kan fùú ní èdè wọn.

"Ṣé èmi ló ń bú?"

"Mi ò gbédè wọn, Màmá, ṣùgbọ́n ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Kó máa bú mi lọ."

Ó ń tẹ ikùn náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó wojú mi. "Sọ fún un."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́, pé omi inú agbè ló dànù sílẹ̀, agbè fúnra rẹ̀ ṣì wà. Kámálà wo ìyá mi lójú. Ó bá gbé orí lé e léjìká, tòun ti ọṣẹ, tòun ti omi, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá mi kò dá ọwọ́ dúró. "Sunkún, ọmọ mi. Sun ún dáadáa." Ọ̀gbẹ́ni Ráò gbọ́ ẹkún náà láti pálọ̀, ó sáré bọ̀. Mo dí ọ̀nà mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ jókòó, sà. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà sì dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìyá mi ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó ṣe, Kámálà gbé òróró àgbọn tirẹ̀ jáde. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́ ọ láti orókún wálẹ̀. Kámálà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mi orí, ó sì fi hàn án pé láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ́ ọ gòkè ní ilé wọn. Ìyá mi ní, "Èwo ni ti ẹni tí à ń wẹ̀ tó tún ń kọ́ni níṣẹ́?" Ó ráhùn dé Ìtòkò. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ gbogbo ìyá ìkókó nìyẹn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tọkọtaya náà wọ ọ́fíìsì wa. Àga tó sún mọ́ tábìlì mi ni Kámálà jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni Ráò kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní ọkọ̀ funfun náà kò ní fi yàrá pamọ́ fún àwọn mọ́, kí n kọ ọ́ kíá, ara ìyàwó òun á lè parí yíyá níbẹ̀. Mo wo Alhaji. Alhaji wo Kámálà.

"Kí lẹ rí sí i, ìyàwó wa?"

Kámálà fa àwọn ìwé aláwòrán náà mọ́ra. Ó wo ọkọ̀ funfun náà pẹ́, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò lọ sí èyí," ó wí ní gẹ̀ẹ́sì. "Wọ́n ti wẹ̀ mí." Ó fi ìka lé ọkọ̀ kékeré tó ń yà ní gbogbo èbúté. "Èyí ni mo fẹ́. Mo fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, kí n máa wo ọjà wọn. Ìparí rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ráò ní ògbólógbòó ọkọ̀ ni, kò ní dókítà, ìgbì á máa bì í síwá-sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ bọ́ sí èdè wọn, ohùn ròkè. Kámálà ń fi ìka gbá tábìlì mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń gbìyànjú láti ti ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́, kò ráyè. Mẹ́gáàdì wa jí lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ bá wọn dá sí i, Alhaji fi ojú sọ fún mi pé kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ráò jókòó lójijì. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi ẹnu táì nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Sà, ṣé kò sí nǹkan?"

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó pè mí?"

"Mi ò gbédè yín, sà."

"Ó ní olórí kunkun ni mí. Ó ní ìyá òun kìlọ̀ fún òun kí òun tó fẹ́ mi." Ó dá gíláàsì padà sójú. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bú mi kẹ́yìn nílé."

Kámálà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti ìwé ọkọ̀ kékeré náà sí iwájú mi, ó ní kí n tètè kọ ọ́, kí ọkọ òun má tún rí nǹkan mìíràn sọ.