Ẹran Inú Oúnjẹ Ẹlẹ́wọ̀n

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni mo ń tẹ èyí.

Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì, ó sì wù mí kí n máa gba àwọn ẹlẹ́wọ̀n nímọ̀ràn tí mo bá jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Mushin lónìí. Wọ́dà ni wọ́n.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yín?"

"Ẹran ni o jàre! Tí ìyá ẹlẹ́wọ̀n bá gbé oúnjẹ wá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wa, ká lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Tó bá tọ́ ọ wò tán, èmi náà á tọ́ ọ wò. Ẹran inú ẹ̀ ni mo máa ń tọ́ wò."

"Ìyá yẹn kì í bínú ni?"

"Bínú kẹ̀? Á tún kí mi kú iṣẹ́. Àbí kò fẹ́ rí ọmọ ẹ̀ mọ́ ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in.

Ẹ̀rín tèmi yẹn ló ń rí mi lára jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Tó bá wá di ọdún mẹ́wàá ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n ṣì lépa iṣẹ́ yìí?