Fún Ọkọ Mi Tó Máa Ń Wo Abẹ́ Ewé

Bàbá Fọlákẹ́, ó dìgbà o. Àwọn aago tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Fìà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tún wọn ṣe ló dákẹ́. Ikú ṣe èyí tó dùn mí. Síbẹ̀, ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá nínú ìwé tí mò ń kà níbi ìsìnkú yín yìí, nítorí ẹ̀yin náà kò fẹ́ràn ẹkún àṣejù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà onílé obì, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Ìfẹ́wàrà tó fi Òṣogbo ṣe ilé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo ní orogún. Iwájú ilé ló wà, ó ń tanná pupa, ó sì lẹ́gùn-ún lára. Igi ròósì yẹn lẹ máa ń kọ́kọ́ lọ bá láàárọ̀ kí ẹ tó kí mi. Ẹ ó lóṣòó síwájú rẹ̀ bí òṣómàáló tó wá sin gbèsè, ẹ ó há awò kékeré tí ẹ fi ń wo inú aago mọ́ ojú, ẹ ó sì máa yí ewé rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí èèrà bá ń tò lọ tò bọ̀ lára ẹ̀ka, kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé ti wà lókè, ó ń fa omi ara igi. Tí ewé bá ṣe tótòtó, tí òwú tín-ín-rín sì ta sábẹ́ rẹ̀, aláǹtakùn kékeré tí ojú lásán kò rí ló dé.

Lọ́dún tí ẹ gbìn ín, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó lẹ gbé wá láti Ìfẹ́wàrà, ẹ fín in sí òdòdó. Gbogbo kòkòrò ló kú. Kò pẹ́ tí àwọn aláwọ̀ ewé padà dé, wọ́n sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí kòkòrò pupa alámì dúdú tó máa ń jẹ wọ́n ti bá oògùn lọ. Ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ọlọ́pàá ni mo pa, àwọn olè ló padà wá." Láti ìgbà náà, omi ọṣẹ dúdú lẹ fi ń wẹ abẹ́ ewé ní kùtùkùtù, tàbí omi ewé dóńgóyárò. Àwọn kòkòrò ńlá tó ń gé òdòdó jẹ, ọwọ́ lẹ fi ń ṣà wọ́n.

Onínúfùfù ni mí, ẹ sì mọ̀. Tí mo bá ti gbaná jẹ, ẹ ó ní, "Ṣé o ti wo abẹ́ ewé?" Nígbà tí Fọlákẹ́ ọmọ wa gbé ipò ìkẹyìn wálé, pàṣán ni mo mú. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́. Àṣé kò rí ojú pátákó ni. Nọ́ọ̀sì ni lónìí ní Iléṣà, pẹ̀lú gíláàsì lójú.

Ẹ ṣeun, olówó orí mi. Ẹ̀yin kò wo ojú ewé lásán lára tèmi náà. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ rí ohun tó ń ṣe mí, ẹ sì fi sùúrù bá mi gbé.

Nígbà tí àwọn àbúrò yín wá wọn ibi tí a ó ta kánọ́pì sí, wọ́n ní ká hú ròósì kúrò. Wọ́n ti mú àdá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ gbígbóná dé ẹnu mi, mo rántí yín, mo gbé e mì. Àwọn náà kò ní ibi lọ́kàn. Wọn kò fẹ́ kí àlejò yín jókòó sínú oòrùn ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọkọ mi, opó ni òun náà. Ẹ má lé e jáde lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ àdá sílẹ̀. Ìdí nìyí, ẹ̀yin ará, tí a fi ní kí ẹ jókòó sí òdìkejì títì.

Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo lóṣòó. Orúnkún ń ro mí, awò yín sì ń bọ́ lójú mi. Èèrà ti ń gun òkè. Mo yí ewé padà, mo rí àwọn aláwọ̀ ewé yẹn, mo fi omi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n dànù, mo sì fi kòkòrò pupa yẹn sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ ọlọ́pàá rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣèyọnu mọ́, ọkọ mi. Mo ti wo abẹ́ ewé. Ẹ sùn re o.