Gílóòbù Méjì fún Àpótí Ẹja Kan

Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó ń ta gílóòbù n'Ígbó-Ọrà, ìlú ìbejì, kọ̀, kò jẹ́ kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo lọ lónìí!

Ewéko inú àpótí ẹja àwọn ìbejì mi ń pọ́n, ó sì ń rọ lábẹ́ iná búlúù tí mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Mo ní kí ọkùnrin náà ta gílóòbù LED funfun kan fún mi.

"Ìyá Ìbejì, ẹyọ kan kẹ̀? Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ kó sunkún?"

"Ewéko ni mo fẹ́ rà á fún, kì í ṣọmọ!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ta ọ̀kan fún mi, ó fi ìkejì ta àwọn ìbejì lọ́rẹ.

Bẹ́ẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù, omi á di aláwọ̀ ewé. Mo bá pín gílóòbù méjèèjì fún wọn: Táíwò á máa tan tiẹ̀ láàárọ̀, Kẹ́hìndé lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ ń jó ijó ayọ̀!

Àfi bí Kẹ́hìndé ṣe yíjú sí mi: "Mọ́mì, àpótí ẹja tèmi dà?"

Ẹ̀yin òbí ìbejì, kí ni kí n wí?